Ìṣẹ́ àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé: Ohun tí Àìní ń Ṣe nínú Ara

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, tí ó sì wo ojú ewé tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, yóò rí i pé nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta wọn ni ó jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní lùkímíà. Bí ó bá wá ṣí ti Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní UCH ní àwọn ọdún 1960, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò bá níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn Burkitt, èyí tí ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn ọmọdé, ni ó gba iwájú láàrin jẹjẹrẹ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yìn ni lùkímíà wà.

Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ṣé àwọn ọmọ wa kì í ní lùkímíà ni? Ṣé wọ́n ń ní in, ṣùgbọ́n ní ìrísí mìíràn? Tàbí wọ́n ń ní in gẹ́gẹ́ bí ọmọ ibòmíràn ṣe ń ní in, tí wọ́n sì ń kú kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ àrùn wọn sílẹ̀? Èrò mi ni pé òtítọ́ wà nínú ìkejì àti ìkẹta, pé ìdajì òtítọ́ péré ni ó wà nínú ìkíní, àti pé ìṣẹ́ ni okùn tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí ìtàn ìlú òkèèrè, ẹkùn kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni n óò máa tọ́ka sí bí a bá ṣe ń lọ: Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn onígẹdú; Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo láti 2001; àti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, láti Abígí àti Ibíadé títí dé Ìwọ̀pín àti Mákùn-Omi, níbi tí ọ̀sà ti jẹ́ ọ̀nà tí ó sì tún jẹ́ oko. Ẹni tí ó bá ti rin ẹkùn náà já mọ̀ pé kì í ṣe irú ìgbé-ayé kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ olùkọ́ Yunifásítì tí ń gbé nínú ọgbà tí a mọ ògiri yí ká, tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ẹ sì wo ọmọ apẹja tí òun àti àwọn ọmọ mẹ́fà mìíràn jọ ń sùn lórí ẹní létí omi. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ti bá pàdé kí ó tó pé ọdún méjì yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni àlàyé wa wà.

Irú àrùn tí à ń sọ

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ó ń ti ibẹ̀ jáde: èyí pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, èyí funfun tí ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tí ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà ṣòfò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a máa dàgbà, a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì kú ní àkókò tirẹ̀. Lùkímíà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun kan bá kọ̀ tí kò dàgbà, tí kò sì kú, tí ó kàn ń bí irú ara rẹ̀ ṣáá. Bí èpò ṣe ń gba ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìdàgbà yìí ń gba mùdùnmúdùn mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ojú ọmọ náà á funfun nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń tán lọ. Ibà á máa mú un nítorí pé kò sí ọmọ ogun tí yóò jà fún un mọ́. Erìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Egungun á sì máa ro ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn àmì wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà sí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe àjèjì sí ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ojú bá funfun tí ara sì gbóná, ibà ni wọn yóò pè é. Bí egungun bá ń ro ọmọ, fòní-kú-fọ̀la-dìde ni ọkàn á kọ́kọ́ lọ sí.

Ẹ̀yà méjì pàtàkì ni lùkímíà ọmọdé pín sí. Ọ̀kan ń ti ara ìdílé sẹ́ẹ̀lì tí ń rántí kòkòrò àrùn tí ó ti wá rí, àwọn tí a ń pè ní líńfọ́. N óò máa pe àrùn tiwọn ní lùkímíà líńfọ́. Ìdílé líńfọ́ yìí náà tún ní ẹ̀ka B àti ẹ̀ka T. Ẹ̀yà kejì ń ti ara ìdílé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yòókù, a óò sì máa pè é ní lùkímíà máyẹ́lọ́.

Ohun tí wọ́n rí ní Ìbàdàn

Ní àwọn ìlú ọlọ́rọ̀, lùkímíà líńfọ́ ni ó pọ̀ jù, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ̀ka B ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá to àwọn ọmọ tí ó ń mú gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, òkè gíga kan á yọ láàrin ọdún 2 sí 5. Òkè yìí kò wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ikú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọdún 1920 ni ó kọ́kọ́ fojú hàn. Láàrin àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà, ó yọ lẹ́yìn ìyẹn díẹ̀. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà, ó di nǹkan bí ọdún 1960. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí yóò rí i pé bí omi ẹ̀rọ, ilé tí kò fún pọ̀ àti oúnjẹ tí ó tó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwùjọ kan ni òkè náà ń tẹ̀lé wọn dé.

Nígbà tí Dókítà C. K. O. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH ṣe àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn tiwọn ní àwọn ọdún 1980, wọn kò bá òkè náà. Àwọn ọmọ kéékèèké tí lùkímíà líńfọ́ ì bá máa mú kéré níye; àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti sún síwájú ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú. Lùkímíà máyẹ́lọ́ sì gba ipò tí kò gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrísí kan tún wà tí àwọn dókítà Yúróòpù kì í sábà rí: àwọn sẹ́ẹ̀lì máyẹ́lọ́ a ṣùjọ sí ẹ̀yìn ojú, wọ́n a di kókó, kókó náà a sì ti ẹyin ojú ọmọ síta. Davies àti Owor ti kọ nípa irú rẹ̀ láti Uganda ní 1965. Wọ́n sì ti rí i ní ilẹ̀ Turkey pẹ̀lú. Williams kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹ̀yà ènìyàn tàbí àwọ̀ ara. Àkọlé ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1985 sọ ọ́ gbangba pé ìgbé-ayé ẹni ní ipa lórí irú lùkímíà àti líńfómà tí ń mú àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1982, Bracha Ramot ti ilẹ̀ Israel àti Ian Magrath ti gbé àbá kan kalẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní bí àwùjọ kan bá ṣe ń kúrò nínú ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni irú jẹjẹrẹ tí ń mú sẹ́ẹ̀lì líńfọ́ àwọn ọmọ wọn ń yí padà: níbi tí ìṣẹ́ pọ̀ sí, àrùn Burkitt, níbi tí nǹkan ti ń rọ̀ díẹ̀, àrùn ẹ̀ka T, níbi tí ọrọ̀ ti dé, lùkímíà líńfọ́ ẹ̀ka B ti àwọn ọmọ kéékèèké. Àbá ni o, kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí àlàyé mìíràn tí ó kó Ìbàdàn, Gásà àti London sínú agbọ̀n kan náà tí agbọ̀n náà kò fi já.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Àbá kò tó. Ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ìṣẹ́, tí kì í ṣe kòkòrò tí kì í sì í ṣe májèlé, fi ń wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ jù lórí èyí ni Mel Greaves ti ìlú London, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní 1988, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 2018.

Ìgbésẹ̀ méjì ni lùkímíà líńfọ́ ẹ̀ka B ń gbé. Èkíní ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ikùn ìyá rẹ̀: jíìnì méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé á já, wọ́n á sì so mọ́ra. Èyí tí a mọ̀ jù nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti ETV6 àti RUNX1. Bí a ṣe mọ̀ pé inú oyún ni ó ti ń wáyé ni pé àwọn onímọ̀ padà lọ sí ẹ̀jẹ̀ tí ilé ìwòsàn gbà ní gìgísẹ̀ àwọn ọmọ kan ní ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí wọn, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sórí páálí. Wọ́n bá ìsopọ̀ náà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kí lùkímíà tó mú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun tí ara wọn le wò, wọ́n sì bá a lára nǹkan bí ọ̀kan nínú 100. Lùkímíà kò sì mú ju nǹkan bí ọ̀kan lọ nínú 100 irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé irúgbìn náà pọ̀, ẹni tí ó hù lára rẹ̀ kéré. Kí ni ó ń mú un hù?

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìdáhùn. Nígbà tí líńfọ́ bá ń kọ́ bí yóò ṣe dá kòkòrò àrùn mọ̀, ara ní àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń gé jíìnì rẹ̀ tí ń sì ń tún un tò, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. RAG ni orúkọ ọ̀kan. AID ni èkejì. Bí iṣẹ́ bá wọ̀n, àlùmọ́gàjí náà á gé ibi tí ó yẹ. Bí àrùn bá dé lójijì, tí ara sì fèsì kọjá bí ó ti yẹ, àlùmọ́gàjí lè gé aṣọ tí kò yẹ. Lára ọmọ tí ó ti gbé ìsopọ̀ ETV6 àti RUNX1 wá láti inú oyún, irú ìgékúgèé bẹ́ẹ̀ ni ó ń di lùkímíà.

Ibí yìí ni ìgbé-ayé ti wọlé. Ọmọ tí ó ń bá àwọn àrùn wẹ́wẹ́ pàdé láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, ikọ́ lónìí, ọ̀fìnkìn lọ́la, ara rẹ̀ a kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọmọ tí a tọ́ nínú ilé mímọ́, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí kò bá ọmọ mìíràn ṣeré títí ó fi di ọdún mẹ́ta, kò kọ́ ọ. Nígbà tí àrùn bá sì wá dé bá irú rẹ̀ níkẹyìn, ìjà náà a le ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé jáde ní 2005, fi rí i pé lùkímíà kì í sábà mú àwọn ọmọ tí a tètè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ọmọ tó bí ó ti ń mú àwọn tí a kò gbé lọ. Ọmú pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀: àkójọ ìwádìí tí ó jáde ní 2015 fi hàn pé ewu lùkímíà dín ní ìdá 19 nínú 100 fún ọmọ tí ó mu ọmú fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ apẹja Mákùn-Omi tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn lọ sọ́jà láti ọjọ́ ogójì, tí ọwọ́ ènìyàn ogún ń gbà á lọ́jọ́ kan, tí ó sì mu ọmú dé ọdún kan àbọ̀, ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ yìí láìsan owó ilé-ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì owó náà

Ó rọrùn láti dúró síbẹ̀ yẹn kí a sì sọ pé ìṣẹ́ ń dáàbò bo ọmọ wa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ṣùgbọ́n ọmọ Mákùn-Omi kan náà ni kòkòrò ibà wọ ara rẹ̀ kí ó tó lè jókòó, tí kò sì kúrò níbẹ̀ ní òjò tàbí ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé omi tí ó yí ilé rẹ̀ ká ni ilé ẹ̀fọn.

Oníṣẹ́ abẹ ni Denis Burkitt ní Kampala nígbà tí ó kọ̀wé ní 1958 nípa kókó tí ń wú àwọn ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní 1961, òun àti àwọn dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ kan, wọ́n sì rin nǹkan bí 10,000 máìlì la ìlà-oòrùn Áfíríkà já, wọ́n ń wọ ilé ìwòsàn kan jáde ń wọ òmíràn, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí irú rẹ̀. Níbi tí òjò ti kéré tàbí tí òtútù ti pọ̀, kò sí i. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ àrùn náà tán, àwòrán ilẹ̀ ibà ni ó jọ. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì kókó náà, èyí tí a fi orúkọ Epstein àti Barr pè. Kò sí ibi tí fáírọ́ọ̀sì yìí kò sí láyé. Ìyàtọ̀ ni pé ní àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kì í bá a pàdé àfi nígbà tí wọ́n bá di ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa ọ̀pọ̀ ti ní in kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nìyí. Fáírọ́ọ̀sì náà a sá pamọ́ sínú líńfọ́ ẹ̀ka B, kò sì ní jẹ́ kí ó tètè kú. Kòkòrò ibà, tí ń wá léraléra, a máa ru àwọn líńfọ́ kan náà sókè láìdáwọ́ dúró, débi pé AID, àlùmọ́gàjí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ráyè sinmi. Lọ́jọ́ kan, á gé jíìnì kan tí ń jẹ́ MYC kúrò ní àyè rẹ̀ lórí krómósómù kẹjọ, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ krómósómù kẹrìnlá, níbi tí kò ti ní dákẹ́ mọ́. Ní 2015, Robbiani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku ṣe ìdánwò tí ó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Kò sí jẹjẹrẹ ènìyàn tí ó tètè ń dàgbà tó èyí tí ó ń ti ibẹ̀ wá: ní ọjọ́ kan sí méjì, iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí pé àlùmọ́gàjí kan náà ni. Lára ọmọ ilé ògiri, nítorí pé ó pẹ́ kí iṣẹ́ tó dé, ó gé ìgékúgèé nígbà tí iṣẹ́ dé. Lára ọmọ etí ọ̀sà, nítorí pé iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró, ó gé ìgékúgèé nítorí àárẹ̀. Ìṣẹ́ kò ti ilẹ̀kùn. Ó kàn ń yan ilẹ̀kùn tí àrùn yóò gbà wọlé ni.

Ìdí kejì tún wà tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ “ìṣẹ́ ń dáàbò bò wọ́n” gbọ́. Ohun tí ó ń kọ́ ara ọmọ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni bíbá ọmọ mìíràn ṣeré, ọmú, àti àwọn àrùn wẹ́wẹ́ tí ń kọjá lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ìṣẹ́. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. A lè ní èkíní láìní èkejì, bí ẹni tí ó fẹ́ fara balẹ̀ tọ́ ọmọ ní Àgọ́-Ìwòyè lónìí ti lè ṣe. Ní Ìbàdàn pàápàá, nígbà tí Ojesina, Akang àti Ojemakinde wo àkọsílẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n kéde ní 2002 pé àrùn Burkitt ti ń dín kù láàrin jẹjẹrẹ ọmọdé. Ayé ń yí, àkọsílẹ̀ sì ń bá a yí.

Ohun tí kì í ṣe ti ìṣẹ́

Kò yẹ kí a di gbogbo ẹrù lé ìṣẹ́ lórí. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà kì í ní lùkímíà líńfọ́ tó àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun títí di òní, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Àwọn ẹ̀dà jíìnì kan, bí irú ti ARID5B, wà tí ń fi kún ewu àrùn náà, wọn kò sì pọ̀ lára àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá tó bí wọ́n ti pọ̀ lára àwọn mìíràn. Ìran ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran kì í yí padà láàrin ogójì ọdún, òkè ọdún 2 sí 5 sì yọ láàrin àkókò tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Kíkà náà tún wà níbẹ̀. A rántí àwọn àmì tí mo ní kí a fi sọ́kàn. Ọmọ kan ní Ìwọ̀pín, ojú rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n fún un ní àgbo. Níkẹyìn, a gbé e lọ sí kẹ́míìsì, níbi tí wọ́n ti di oògùn oríṣiríṣi pọ̀ fún un sínú ọ̀rá kan, prednisolone tàbí dexamethasone sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn oògùn méjì yìí wà lára àwọn tí a fi ń wo lùkímíà líńfọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, láìsí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lè pa ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì búburú náà láàrin ọjọ́ díẹ̀: ibà á lọ, ọmọ á jẹun, ìyá á dúpẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò kú ni àwọn tí oògùn náà kò ràn. Nígbà tí àrùn bá tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn wọ̀nyí ni ó máa kún ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò láàrin àkókò ìrọ̀rùn yẹn, ó lè má fi ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Ìṣẹ́ ti yan irú sẹ́ẹ̀lì tí dókítà yóò bá jà kí dókítà tó rí ọmọ náà. Bí ọmọ náà bá kú sílé, ibà ni a ó sọ pé ó pa á. Láyé àtijọ́, à bá pè é ní àbíkú. Orúkọ rẹ̀ kò ní dé ìwé kankan ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn tí a ti mọ àrùn náà

Ní 1948, Sidney Farber ti ìlú Boston gbé e jáde pé oògùn tí ń dí fólétì lọ́nà lè mú kí lùkímíà ọmọdé fà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń là, títí ó fi di pé ní àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ nǹkan bí ọmọ 90 nínú 100 tí lùkímíà líńfọ́ mú ni ó ń yè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2018 pé òun fẹ́ kí ó kéré tán ọmọ 60 nínú 100 tí ó ní jẹjẹrẹ, níbikíbi láyé, máa yè nígbà tí ọdún 2030 bá dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú òtòṣì, wọn kò tó 30.

Kò sí oògùn kan tí ó ṣe àṣírí nínú ìtọ́jú náà. Vincristine, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ara òdòdó Madagascar ni wọ́n ti kọ́kọ́ fà á yọ, òdòdó aláwọ̀ òsùn àti funfun kan náà tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé ní Ìjẹ̀bú. Ohun tí ó ṣòro ni pé ara tí ebi ti pa kì í lo oògùn bí ara tí ó yó. Ní Malawi, wọ́n rí i ní 2010 pé vincristine kì í tètè kúrò lára àwọn ọmọ tí kò jẹun kánú tí jẹjẹrẹ kíndìnrín mú, nítorí náà oró rẹ̀ lè pọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní ẹ́ńsáìmù kan, CYP3A5, tí ń tú oògùn kan náà ká kíákíá, tí ó lè mú kí ìwọ̀n tí ó tó fún ọmọ Boston má tó fún wọn. Ọ̀kan ń fà á síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, dókítà sì ní láti wọn ìwọ̀n kan ṣoṣo. Methotrexate ń kọ́? Fólétì ni òun ń bá jà. Ọmọ tí fólétì ti kéré lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bó, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bó kò sì lè jẹun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: dókítà tí ó mọ iṣẹ́ a máa kọ́kọ́ fi oúnjẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde.

Ìtọ́jú náà ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ara ọmọ náà á ti yá, ṣùgbọ́n hóró mercaptopurine kan lójoojúmọ́ ni yóò máa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù sí i, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ó sá pamọ́. Smita Bhatia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìdérí ìgò tí ń kọ ọjọ́ tí a ṣí i sílẹ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ; àwọn tí ó fo ju hóró 5 lọ nínú 100, àrùn padà sí wọn lára ju ìlọ́po méjì tàwọn yòókù. Ní Boston, níbi tí oògùn kò wọ́n, tí ètò ìtọ́jú kan náà sì wà fún gbogbo ọmọ, Kira Bona wo àwọn tí àrùn padà sí lára: nínú àwọn tí ó ń gbé àdúgbò òtòṣì, ìdá 92 nínú 100 ni tiwọn tètè padà, láàrin oṣù 36, nínú àwọn yòókù, ìdá 48. Ọdún 2016 ni wọ́n tẹ̀ èyí jáde. Àrùn tí ó bá tètè padà ni ó ṣòro jù láti wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Boston, ẹ jẹ́ kí a ronú sí ti Abígí, níbi tí ìyá gbọ́dọ̀ jí ní ìdájí, wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ òmíràn lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣágámù tàbí sí UCH, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ san púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá kọ fún un. Owó Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2021 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti próstéètì. Ti àwọn ọmọdé kò sí lára àwọn tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá náà bá dúró sílé ní oṣù kẹjọ nítorí pé owó ẹja kò tó owó ọkọ̀, àwọn dókítà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa ìtọ́jú tì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó sá pamọ́ kò mọ ìdí tí oògùn kò fi dé mọ́. Ó kàn rí àyè láti bí sí i ni.

Ẹ̀rọ tí ń pín lùkímíà sí ẹ̀ka B àti T, tí ó sì ń wá ìsopọ̀ jíìnì, owó rẹ̀ kò kéré, kò sì lè wà ní gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wà, dígí pẹlẹbẹ kan, aró díẹ̀, maikirosikóòpù, àti ẹni tí a ti kọ́ láti dá sẹ́ẹ̀lì aláìdàgbà mọ̀. Dígí kan náà ni a fi ń wá kòkòrò ibà. Ẹni tí ó bá wá kòkòrò ibà lórí rẹ̀ tí kò rí i, kí ó tó gbé dígí náà sílẹ̀, kí ó tún wo àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun.